Bàbá Wa Kò Sí Nínú Ilẹ̀kùn Irin

Ẹ kú ilé o, Màámi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Mo kí Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá wa tó jókòó sí ipò wọn. Mo kí Ràsákì àbúrò mi. Mo kí Dọ̀káàsì ìyàwó rẹ̀, mo sì fẹ́ kí gbogbo ilé mọ̀ pé mo dìídì pe orúkọ rẹ̀ ni. Ẹ̀yin ọmọ ilé wa yòókù tí ẹ wà lórí gúrúùpù ẹbí yìí, ẹ̀yin ará Èkó, ẹ̀yin ará Ìlọrin, ẹ̀yin tí ẹ wà níbi tí òtútù ti ń mú yín lókè òkun, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú àìgbàgbé ilé. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣí lẹ́tà yìí ní Ọ̀yọ́, kó jókòó ti Màámi kó kà á sókè, kó má fo ibì kankan.

Màámi, ọ̀rọ̀ kan wà tó ti há mi lọ́fun láti Iléyá èṣí. Ilẹ̀kùn irin Bàbá gbọn èmi náà.

Ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Ilẹ̀kùn tí ẹ ní ó ń kọ ìyàwó Ràsákì, tí ẹ ní ó mọ ẹni tí Bàbá fẹ́ àti ẹni tí Bàbá kò fẹ́, tí ẹ torí rẹ̀ ní kí ọmọ ọlọ́mọ kó ẹrù rẹ̀ jáde kó tó di ìrun Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí, ó gbọn èmi tí ẹ bí. Èmi ọmọ Mùsùlùmí, tí n kò wọ sùtánà ìjọ rí láyé mi. Ó sì gbọ̀n mí kó tó gbọ̀n ọ́n.

Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo wá ṣọdún Iléyá náà, ẹ kàn ò mọ̀ ni. Òjò ti rọ̀ ní Ọ̀yọ́ kí n tó sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò. Láti Akẹ̀sán dé iwájú ilé wa, ẹrọ̀fọ̀ ni. Bàtà mi já lójú ọ̀nà, mo bá bọ́ ọ sọ́wọ́, mò ń fi ẹsẹ̀ lásán bọ̀. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n pe ìrun Màgàríbì. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú iná mànàmáná dé, mò ń gbọ́ bí àwọn ọmọ àdúgbò ṣe ń hó yèè, gílóòbù tí Ràsákì so sókè ilẹ̀kùn sì tàn yòò. Inú mi dùn. Mo ní ilé mi rèé. Mo na ọwọ́ mú irin ilẹ̀kùn, àfi gbì! Ó gbọ̀n mí láti ìka dé èjìká, bí ìgbà tí ẹnìkan di apá ènìyàn mú tó sì fẹ́ yọ ọ́ dànù. Nígbà tó máa fi mí sílẹ̀, inú ẹrọ̀fọ̀ ni mo bá ara mi. Ẹ sáré jáde, ẹ ní ṣé ilẹ̀ yọ̀ mí ni. Mo ní ilẹ̀ ló yọ̀ mí. Ẹ rẹ́rìn-ín, èmi náà bá yín rín in. Ẹ̀yìnkùlé ni mo sì gbà wọlé, mo ní n kò fẹ́ kó ẹrọ̀fọ̀ gba pálọ̀.

Kí ló dé tí n kò sọ ọ́? Ẹ̀yin mọ bí ọ̀rọ̀ èmi àti Bàbá ṣe rí. Ọjọ́ tí mo kó ẹrù mi kúrò nílé ọkọ, tí mo ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni mò ń lọ, Bàbá kò bú mi. Wọ́n ń ránṣọ lọ lórí ẹ̀rọ wọn ni, wọn ò tiẹ̀ gbójú sókè. Wọ́n ní nígbà tí ìrìn bá sú mi, ilẹ̀kùn wà níbẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ilẹ̀kùn pákó ni nígbà náà. Lẹ́yìn tí àwọn olè da àdúgbò láàmú ni wọ́n lọ bá wẹ́dà kó ṣe ti irin, tí wọ́n dúró tì í lórí títí ó fi parí, tí wọ́n sì fọwọ́ ara wọn kùn ún ní ọ̀dà aláwọ̀ ewé. Ìrìn kò tíì sú mi nígbà tí wọ́n kú. Kí n tó dé, wọ́n ti sin wọ́n, bí a ti ń ṣe. Ilẹ̀kùn yẹn ni mo bá. Nítorí náà, nígbà tó gbọ̀n mí dànù, kí ni ẹ fẹ́ kí n rò? Mo rò pé Bàbá ti kó ọ̀rọ̀ wọn jẹ ni. Mo rò pé ilẹ̀kùn kò sí níbẹ̀ fún mi mọ́.

Láti ọjọ́ náà ni n kò ti wálé. Gbogbo àwáwí tí mò ń ṣe lórí fóònù, ọjà ò jẹ́, ọ̀nà ti bàjẹ́, ẹsẹ̀ ń dùn mí, òótọ́ wà níbẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn yẹn ni mò ń sá fún. Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́! Àwọn ènìyàn ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ lójúmọ́ kan. Àwọn tó wà lókè òkun ń wálé jù mí lọ.

Ẹ máa ń bèèrè pé kí ni mo tún wá ń ṣe níbí. Takíè ni mo wà, Màámi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù Múfú tó ń tún fáànù àti ẹ̀rọ omi ṣe. Omi tútù àti mínírà ni mò ń tà. Kí n tó débẹ̀, mo ti ta bàtà àlòkù, mo ti dáná fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, mo ti bá wọn mójú tó ọmọ ní ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi. Ẹ máa ń sọ pé ìdí mi kì í gbé ojú kan, n kò sì jiyàn. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti wà nídìí omi tútù yìí, ó sì ń jọ mí lójú. Ẹ̀ẹ̀rùn ló dáa fún ọjà mi. Ìgbà òjò, àwọn èèyàn á kàn máa kí mi kọjá ni, wọ́n á ní Ìyá Olómi, òtútù ti bá yín ta ọjà lónìí. Owó tí mò ń fi ránṣẹ́ kéré, mo mọ̀, ẹ sì ń dúpẹ́ bí ẹni tí mo kọ́lé fún, ìyẹn náà a máa dùn mí. Yàrá kan ni mo gbà nítòsí Ọjà Igbó. Àwọn tí a jọ ń gbé dáa, wọ́n máa ń bù fún mi bí wọ́n bá se nǹkan. Síbẹ̀, tí mo bá ti wọlé tí mo ti ilẹ̀kùn, ohùn ara mi nìkan ni mo máa ń gbọ́. Mo ti di ẹni tó ń bá ìkòkò sọ̀rọ̀.

Ohun tó ń mú mi gbádùn ni bẹ́ńṣì iwájú fíríísà mi. Àwọn èèyàn á jókòó síbẹ̀ mu omi, omi á tán, wọn ò ní dìde. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń sọ. Kì í ṣe ti òṣèlú o, ìyẹn ti sú wa. Bí nǹkan ṣe ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń jiyàn lé lórí. Kí ló dé tí iyọ̀ fi ń di omi nígbà òjò? Kí ló dé tí àmù fi ń mú omi tutù láìní iná nínú? Wọ́n ti sọ ibẹ̀ ní Yunifásítì Abẹ́ Àtíbàbà, wọ́n sì fi mí ṣe gíwá nítorí pé èmi ló ni bẹ́ńṣì.

Lọ́jọ́ kan, ìyá kan dá ìgò mínírà padà fún mi, ó ní ó jò, kí n wo omi lára rẹ̀. Mo ní Màmá, kò jò, ó ń làágùn ni. Ìyá náà wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní ìgò ń làágùn, oko ta ló lọ ro? Ni gbogbo bẹ́ńṣì bá dàrú. Ẹ̀rín pa mí, ṣùgbọ́n èmi náà ò mọ ibi tí omi ọ̀hún ti ń wá. Sámúẹ́lì tó ń wa mọ́tò lọ sí Ìlọrin, ọmọ ìjọ Aládùúrà, ló ní kí á má bá ara wa jà. Ó ní kí á fi ìgò òfìfo, tó gbẹ táútáú, tí a dé ní ìdérí, sínú fíríísà, kí á yọ ọ́ tó bá tutù, kí á wá wò ó. A ṣe bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ tí a yọ ọ́ síta tí ìgò òfìfo náà bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn bí ẹni tó ń gúnyán. Omi wo ló jò látinú ohun tí kò ní omi nínú? Múfú wá ní inú afẹ́fẹ́ ni omi yẹn ti wá, pé afẹ́fẹ́ a máa ru omi tí ojú kò rí, tó bá kan ara ìgò tútù, a sọ ọ́ kalẹ̀. Ìyá yẹn gba ìgò rẹ̀. Ó ní òun gbà, ṣùgbọ́n kí wọ́n bá òun fi aṣọ nù ún.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìgò òfìfo yẹn sọ́kàn.

Lọ́jọ́ mìíràn, ẹyẹ ni. Àwọn ẹyẹ kéékèèké jókòó sórí wáyà iná tó gba òkè Takíè kọjá, Sámúẹ́lì sì bèèrè pé kí ló dé tí iná kò gbé wọn. Ẹnìkan ní ẹyẹ kò ní ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ ni. Múfú ní rárá, iná kì í gbé ènìyàn nítorí pé ó kàn án nìkan, ó ń wá ọ̀nà lọ sínú ilẹ̀ ni. Ẹyẹ di wáyà kan ṣoṣo mú, ara rẹ̀ kò kan ibòmíràn, iná kò rí ibi gbà kọjá. Sámúẹ́lì fò sókè, ó ní irọ́ ni, àdán ńkọ́? Ó ní òun ti rí òkú àdán tó gbẹ sórí wáyà, ojú òun ló sì jẹ́ ẹlẹ́rìí. Múfú ní kó rọra. Ó ní apá àdán gùn, tó bá nà án, á kan wáyà méjì, iná á gba inú rẹ̀ kọjá láti ọ̀kan sí ìkejì. Ó ní ènìyàn tó wọ bàtà rọ́bà, tó dúró síbi tó gbẹ, ẹyẹ ni. Ẹni tó fi ẹsẹ̀ lásán dúró nínú omi, tó wá lọ fọwọ́ kan ohun tí iná wà lára rẹ̀, àdán ni. Sámúẹ́lì ní a kú orí ire, pé láti òní lọ, òun á máa ki bàtà bọ ẹsẹ̀ kí òun tó tan iná ilé òun. Ọ̀rọ̀ bẹ́ńṣì ni, Màámi. A rẹ́rìn-ín, a tú ká. N kò mọ̀ pé mo ń gbé e lọ sílé.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ pè mí nípa ìyàwó wa. Ẹ ní ó dé láti ìsìn ìrọ̀lẹ́, nínú sùtánà rẹ̀, ó fọwọ́ kan ilẹ̀kùn, ó ké, ó ṣubú. Ẹ ní kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́. Ẹ ní ìgbà tó bá wọ aṣọ ìjọ nìkan ni ilẹ̀kùn máa ń ṣe é, pé tó bá wọ ìró àti bùbá lọ ọjà tó bọ̀, kì í ṣe é ní nǹkan kan. Ẹ ní Bàbá ni. Wọn ò fẹ́ aṣọ yẹn nínú ilé wọn.

Màámi, kí n má purọ́ fún yín. Ohun tó kọ́kọ́ wọ inú mi ni pé ara tù mí. Mo ní háà, kì í ṣe èmi nìkan. Ẹ̀yìn náà ni ojú ara mi wá tì mí, ẹ̀yìn ojútì ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi, mi ò sì tíì mọ ẹni tí mo ń bínú sí.

Fíríísà mi ló fi hàn mí. Òjò ńlá kan rọ̀ ní Takíè nírọ̀lẹ́, omi ya wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Mo bọ́ sálúbàtà kí ó má bàá ṣàn lọ, mò ń fi ìgbálẹ̀ gbá omi jáde. Mo fọwọ́ ti ara fíríísà kí n má bàá yọ̀, àfi gbì! Bó ṣe gbọ̀n mí lọ́jọ́ Iléyá gan-an nìyẹn, Màámi. Láti ìka dé èjìká. Ọwọ́ kan náà tó dì mí mú nílẹ̀kùn Bàbá ló dì mí mú lára fíríísà tí mo rà ní àlòkù. Mo jókòó sínú omi, mo bú sẹ́kún. Múfú sáré wọlé, ó ta lọ sídìí súwíìsì, ó pa iná. Ó ní Ìyá Olómi, ṣé ẹ fẹ́ kú ni, níbo lẹ bọ́ bàtà sí? Ó fi bàtà rọ́bà sí mi lẹ́sẹ̀ bí ọmọdé, ó dúró síbi tó gbẹ, ó tan iná padà, ó fi tẹ́sítà tí wọ́n fi ń dán iná wò kan ara fíríísà, iná kékeré inú tẹ́sítà náà sì pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ó ní wáyà kan ti bó nínú rẹ̀, ó ń kan irin. Ó ní wáyà lè ti máa kan irin bẹ́ẹ̀ tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀, nítorí bàtà ẹsẹ̀ wa kì í jẹ́ kí iná rí ọ̀nà lọ sínú ilẹ̀.

Mo ṣì ń sunkún. Ó rò pé ẹ̀rù ló ń bà mí. Kì í ṣe ẹ̀rù. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé bàbá mi kò sí nínú fíríísà. Kí ni Bàbá fẹ́ wá ṣe nínú fíríísà ní Takíè? Tí wọn kò bá sì sí nínú fíríísà, ta ló ní wọ́n wà nínú ilẹ̀kùn?

Mo pè yín ní ọjọ́ kejì, mo ní ó jọ pé iná mànàmáná ló wà lára ilẹ̀kùn. Ẹ rántí. Ẹ ní kí n sọ ọ́ fún Bàbá Kékeré. Bàbá Kékeré, ẹ má bínú pé mo ń sọ ọ́ ní gbangba, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ ní ọ̀rọ̀ ẹbí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kọ̀rọ̀. Ẹ ní iná wo, ẹ̀yin náà ti fọwọ́ yín mú ilẹ̀kùn yẹn lọ́sàn-án gangan, kò ṣe yín ní nǹkan kan. Ẹ ní àlùfáà wá gbàdúrà níbẹ̀, ó di ilẹ̀kùn mú títí àdúrà fi parí, kò mira. Ẹ ní ìwé sẹ́kọ́ńdìrì tí mo kà kò tó èyí tí mo máa fi wá kọ́ àgbà. Ràsákì gba fóònù, ó ní Àǹtí, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ lọ sílé bàbá rẹ̀ ná, kí ara gbogbo ilé lè balẹ̀. Ara ta? Mo bèèrè lọ́wọ́ ìyàwó fúnra rẹ̀. Ó ní àwọn àgbà ìjọ òun náà ní kí òun kúrò, pé ilé náà kò fẹ́ ìmọ́lẹ̀. Ẹ wo nǹkan! Àwọn tibí ní aṣọ rẹ̀ ni kò dáa, àwọn tọ̀hún ní ilé wa ni kò dáa. Ohun kan ṣoṣo tí mọ́sáláásì àti ìjọ ti fẹnu kò lé lórí lọ́dún yìí ni pé kí ìyàwó wa kó ẹrù.

Èmi kò fẹnu kò pẹ̀lú wọn.

Mo mọ̀ pé n kò kàwé púpọ̀. Láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti pa á rẹ́, mo ní ta ni mí. Obìnrin tí kò gbé ilé ọkọ, tí kò gbé iṣẹ́ kan, ṣé òun ló máa wá sọ bí ilẹ̀kùn ṣe ń ṣe? Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín, kí ẹ sì dá ara yín lóhùn nínú pálọ̀ yẹn.

Kí ni àwọn ará ìjọ ìyàwó wa máa ń ṣe tí wọ́n bá ti wọ sùtánà? Wọn kì í wọ bàtà. Láti ilé dé ilé ìjọ, láti ilé ìjọ dé ilé, ẹsẹ̀ lásán ni. Gbogbo Ọ̀yọ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Tó bá wọ ìró àti bùbá lọ ọjà, sálúbàtà rọ́bà ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Aṣọ ni ẹ̀ ń wò. Ẹsẹ̀ ni kí ẹ wò! Ìgbà wo ló ń ti ìsìn dé? Ìrọ̀lẹ́, nígbà tí iná dé, tí gílóòbù òkè ilẹ̀kùn ń tàn. Bàbá Kékeré, lọ́sàn-án tí ẹ di ilẹ̀kùn mú, ṣé iná wà? Ẹ̀yin náà ni ẹ máa ń ráhùn pé wọn kì í fún wa níná lọ́sàn-án. Bàtà tí ẹ sì ń wọ, ìdí rẹ̀ nípọn bí ìrọ̀rí. Àlùfáà ńkọ́? Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán ló wá. N kò sọ pé àdúrà wọn kò gbà o. Mo ní ilẹ̀kùn kò ní ohunkóhun nínú lákòókò náà tó máa fi gbọn ẹnikẹ́ni.

Ràsákì, má bínú sí mi. Ìwọ lo so gílóòbù yẹn, ìfẹ́ lo fi ṣe é, kí Màámi má bàá máa fọwọ́ tálẹ̀ lókùnkùn. Ṣùgbọ́n mo rántí pé etí férémù ilẹ̀kùn lo gba wáyà, o fi irin tín-ín-rín dì í mọ́ ọn. Gbogbo ìgbà tí a bá ṣí ilẹ̀kùn tí a tì í, ó ń ha á. Mo rò pé ara wáyà ti bó níbẹ̀. Mo rò ni mo wí. Mo lè ṣì í.

Tí mo bá ṣì í, kí ẹnìkan ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ fún mi. Ẹ rántí ewúrẹ́ dúdú Màámi, tí ẹ so mọ́ ilẹ̀kùn yẹn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ òjò, tó fara kan irin, tó fò sókè, tó já okùn, tó sá lọ débi pé ẹ̀yìn ààfin ni wọ́n ti rí i mú. Ẹ sọ ọ́ fún mi lórí fóònù, a jọ rẹ́rìn-ín, ẹ ní orí rẹ̀ dàrú. Ewúrẹ́ yẹn, ìjọ wo ló ń lọ? Sùtánà wo ló wọ̀? Kò kúrò nílé ọkọ rí. Kò ṣẹ Bàbá. Ohun kan ṣoṣo tí èmi, ìyàwó Ràsákì àti ewúrẹ́ fi jọ ara wa ni pé àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò wọ bàtà. Màámi, ewúrẹ́ yẹn ni ìgò òfìfo wa. Bí ilẹ̀kùn bá ń gbọn ẹni tí kò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan nínú, a jẹ́ pé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ló ń jáde lára ẹni tó gbọ̀n.

Ẹ gbọ́ èyí tó ṣe pàtàkì jù. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ilẹ̀kùn yẹn mọ́ títí n ó fi dé. Kí Ràsákì wọ bàtà rọ́bà báyìí, kó lọ pa súwíìsì ńlá inú pálọ̀. Ẹ̀yìnkùlé ni kí gbogbo yín máa gbà. Ìyàwó wa ti ṣubú, ó ti dìde. Èmi náà ti ṣubú, mo ti dìde. Ẹni tí yóò ṣubú lẹ́yìn wa lè má dìde, ó sì lè jẹ́ ẹ̀yin, Màámi, tí ẹ máa ń ṣe àlùwàlá lẹ́nu ọ̀nà yẹn pẹ̀lú ẹsẹ̀ tútù. Tí ẹ bá lé Dọ̀káàsì lọ, ilẹ̀kùn náà á ṣì wà níbẹ̀, wáyà náà á ṣì wà níbẹ̀. Ẹ ó kàn ti lé ẹni tó ń kìlọ̀ fún yín dànù ni.

Dọ̀káàsì, ìyàwó mi, tí wọ́n bá kà á débí, kí o tú ẹrù rẹ. Tú u báyìí, kó o tò ó padà sí àyè rẹ̀. Bàbá wa kò bá ẹ jà. Ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kun ilẹ̀kùn kí olè má bàá wọlé pa ẹ̀yin ará ilé, òun kọ́ ló máa fi ilẹ̀kùn yẹn pa ìyàwó ọmọ rẹ̀.

Màámi, Ọlọ́hun yóò jẹ́ kí ẹ̀mí yín gùn nínú ilé tí ẹ fi ìgbà èwe yín kọ́. Ìlera kò ní fi yín sílẹ̀. Bàbá Kékeré, ẹ ó jẹ oyè bàbá pẹ́ fún wa, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹnu mi dùn yín ju bó ṣe yẹ lọ. Ràsákì, Ọlọ́hun á fún ọ ní ọkàn láti dúró ti aya rẹ. Ẹ bá mi kí ará ilé ọ̀tún, ẹ bá mi kí ará ilé òsì, ẹ kí àwọn oníṣẹ́ awọ ẹ̀yìn ilé, ẹ bá mi kí ewúrẹ́ náà tí ẹ kò bá tíì pa á jẹ.

Ọ̀la ni Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ ìsìn ìyàwó wa. Ọ̀la ni mò ń bọ̀. Mo ti bá Múfú sọ̀rọ̀, ó ní òun á tẹ̀ lé mi. Mọ́tò àárọ̀ la máa wọ̀. Ọjà mi á wà ní títì. Tí iná bá dé nírọ̀lẹ́, kí gbogbo ilé jáde síta, kí Bàbá Kékeré jókòó sórí àga, kí àlùfáà wá, kí àwọn àgbà ìjọ náà wá tí wọ́n bá fẹ́. Múfú á tan súwíìsì, á fi tẹ́sítà kan ilẹ̀kùn lójú gbogbo wa. Tí kò bá tàn, mo ti ṣetán láti kúnlẹ̀ síwájú Bàbá Kékeré kí n tọrọ àforíjì, kí ẹ sì pè mí ní orúkọ tó bá wù yín. Ṣùgbọ́n tó bá tàn, a ó pa iná, Múfú á gé wáyà yẹn kúrò lára irin, á gba ibòmíràn fún un, á sì fi tẹ́sítà wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i kí a tó sún mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà, èmi àti Dọ̀káàsì á di ara wa lọ́wọ́ mú, òun nínú sùtánà rẹ̀, èmi nínú híjáàbù mi, a ó sì ṣí i.

Bàbá ní nígbà tí ìrìn bá sú mi, ilẹ̀kùn wà níbẹ̀. Ó ti sú mi. Lọ́la, ẹnu ọ̀nà iwájú ni n ó gbà wọlé.

Èmi ọmọ yín, tí ìdí rẹ̀ kì í gbé ojú kan,
Síkírá.